Àga Ìdáná Létí Kòtò

Ọdún kẹta tí mo ti ń wa ẹ̀rọ ìgékoríko fún ìjọba ìbílẹ̀
ni mo bá àga ìdáná kan létí kòtò títì,
ìyá arúgbó kan jókòó lórí rẹ̀ bí ẹni ń retí àlejò,
fìlà ọkọ rẹ̀ tó ti kú lórí, ife kọfí lórí itan.

Mo fọn fèrè. Kò yíjú.
Mo tún un fọn. Ó gbé ife sẹ́nu.

Mo mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ Ardis Haugen?
Òun ni Dale Kvamme fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nílé epo
lọ́dún tó gbin kamẹlínà sórí ilẹ̀ àgbàdo
nígbà ìwọ́wé, tí gbogbo ayé ti ti ilẹ̀kùn abà.
"Èpò ló rì mọ́lẹ̀ yẹn," ni Dale wí,
"ìrì dídì ni yóò bá a kórè."
Ìrì dídì dé, ó bò ó fún oṣù márùn-ún.
Nígbà tó yọ́, ewé wà lábẹ́ rẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀,
bí ọmọ tó ti jí ṣáájú ìyá rẹ̀ tí kò sì ké.

Oṣù karùn-ún, sóyà ṣì wà nínú àpò,
igi ápù ṣì ń rò ó wò.
Ilẹ̀ Ardis nìkan ló pọ́n bí inú ẹyin.
Òdòdó tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́!
Ṣùgbọ́n ẹni ebi ń pa kì í wọn àwo kó tó jẹun:
oyin tí òtútù ti lù dójú ikú rọ́ wá,
ìró wọn borí ẹ́ńjìnì mi
(ó kù díẹ̀).

Àmọ́ ìparí oṣù keje nìyí.
Wọ́n ti kórè, wọ́n ti fún epo sínú ìgò.
Kí ló wá kù tí ìyá yìí ń ṣọ́?

Mo pa ẹ́ńjìnì. Mo sọ̀ kalẹ̀.
"Ìwọ ọmọ Lindgren, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."
Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.
Ó yí ewé bomubómu kan, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí:
ẹyin kan, funfun, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.
Lórí ewé kejì, kòkòrò abilà kan ń jẹun
bí ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ọjà fẹ́ tú.

Ó nawọ́ sí òdòdó-oòrùn rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lajú lódì kejì:
"Ìyá lè mu níbẹ̀ yó. Ọmọ kì í fẹnu kàn án.
Ewé olóje kíkorò yìí nìkan lọmọ ń jẹ.
Ilé oúnjẹ kọ́ nilé ìbímọ."

Wọ́n ní labalábá fi ara rẹ̀ wẹ́yẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ.
Èmi náà ti fẹnu mi sọ ọ́ rí.
Èyí tí yóò ti inú ẹyin yìí jáde
á gbéra ní Minisótà, ó di orí òkè ní Mẹ́síkò,
ibi tí kò dé rí, tí ìyá rẹ̀ kò dé rí.
Ẹyẹ wo ni kí n fi wé?

Mo wo abẹ ẹ̀rọ mi. Ewé ṣì lẹ̀ mọ́ ọn láti àárọ̀.
Ọdún méjì ni mo ti ń fá kòtò bí orí ọmọ tuntun,
n kò yí ewé kan wò.

Mo gé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta létí títì, kí awakọ̀ lè ríran,
mo gbé abẹ sókè, mo fi ìyókù sílẹ̀.
Kò dúpẹ́. Ó na ife sí mi.
Kọfí náà ti tutù.

Ọ̀gá mi kọ ìwé ìkìlọ̀. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀.
Lóṣù kẹjọ òjò yìnyín pa ìdajì òdòdó-oòrùn Ardis.
Lórí ìdajì tó kù, lọ́jọ́ kan tí atẹ́gùn yí sí gúúsù,
mo rí wọn, wọ́n ń pa ìyẹ́ dé, wọ́n ń ṣí i.
N kò mọ̀ bóyá ti kòtò wa wà níbẹ̀.
Mo kà wọ́n dé mọ́kànlá,
wọ́n fò,
mo tún bẹ̀rẹ̀ látorí ení.