Síkúrù Méje

Kì í ṣe orí òkè ló ti já bọ́.
Àtẹ̀gùn sáúnà ni, ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré,
omi alẹ́ ti di yìnyín kí ilẹ̀ tó mọ́.
Raili gbé garawa dání.
Àtẹ́lẹsẹ̀ dúró, ara yí,
mo sì gbọ́ ọ láti ibi tí mo ti ń fá pákó:
ó ró pàá, bí igi gbígbẹ.

Ọrùn ẹsẹ̀.
Ọrùn tí kò gbé orí kankan,
tó jẹ́ gbogbo ara ló gbé.

A dé ilé ìwòsàn Kemi, ó ti wú ju orúnkún lọ.
Dókítà Ylitalo gbé àwòrán sí iwájú iná
(mo kan ọkọ̀ ojú omi fún bàbá rẹ̀ nígbà kan):
eegun òde dá ní ìdagẹ̀rẹ̀,
ti inú ya,
èyí tó wà láàárín wọn yẹ̀
bí ẹsẹ̀ àga tó bọ́ kúrò lójú ihò.
"Ìdè ẹfun nìkan ò lè mú un. A ó là á,
a ó fi irin pẹlẹbẹ àti síkúrù dè é."

Mo ní, síkúrù tó gùn tó báwo?
Nítorí èyí tó gùn jù a máa ya pákó,
èyí tó kúrú jù, ìjì ni yóò tú u.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka wọn ọ́n hàn mí.

Ọjọ́ mẹ́fà la fi dúró
kí ẹsẹ̀ fọn, kí awọ rẹ̀ tún hunjọ.
Èyí yé mi. A kì í kan pákó tútù.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ìdajì ara sùn,
ìdajì ń gbọ́.
Ó ní òun gbọ́ ìró ìlu nínú eegun,
òun rò pé èmi ni,
pé òun wà nílé, pé mo wà nídìí iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀.
Mo ń pọn omi. Mo ń wá iyọ̀ níbi tí kò sí.
Mo ti da eérú sórí àtẹ̀gùn,
ó pẹ́ jù.

Èmi ni mo da omi yẹn nù lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lálẹ́, ó máa ń gbé ẹsẹ̀ lé mi nítan.
Mo ń fi àtàǹpàkò wá orí irin lábẹ́ awọ,
oókan, eéjì, ẹẹ́ta;
bí mo bá dé eéje, ọ̀rọ̀ ló kù.
Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.