Ẹni Kẹsàn-án

Àtùpà ni mo wá rà lọ́jà àlòkù ní Kemi,
lóṣù tí oòrùn ń yọjú bí ẹni tó jẹ gbèsè,
tó tún sá wọlé kí agogo mẹ́ta tó lù.
Agolo bisikíìtì kan ni mo gbé. Ó wúwo.
Mo ní ìṣó ni. Yúrò mẹ́ta. Mo san án.

Ìgbà tí mo ṣí i lórí tábìlì ìdáná,
ènìyàn ni.
Ènìyàn òjé, wọn ò ga ju oríkèé àtàǹpàkò mi lọ,
mọ́kànlá, wọ́n sùn lé ara wọn bí ẹja inú agolo.
Aràrá kan gbé fìtílà.
Àjẹ́ kan ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí mi ò rí.
Òmìrán kan, apá rẹ̀ ti gé;
iwin mẹ́ta ń du ẹyọ bàtà kan ṣoṣo.

Helvi ìyàwó mi wò wọ́n, ó wò mí.
“Aarne, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?”
Mo ní mọ́kàndínláàádọ́rin.
Ó ní òun kàn ń bèèrè ni.

Pihla tó ń to ìwé nílé-ìkàwé ló kọ́ mi léré náà
ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, lálẹ́ Ọjọ́bọ̀,
níbi tí yìnyín ti ń yọ́ lára bàtà gbogbo wa.
Kì í ṣe ogun, ó ní.
Ogun ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ta ló mọ orúkọ ẹni tó kú níbẹ̀?
Ìjà lèyí. Mẹ́fà sí mẹ́fà.
Bí ọ̀kan bá ṣubú, wàá mọ ẹni tó ṣubú.
A fi téèpù wọn ìrìn, a ju dáìsì,
dáìsì dójú tì mí lójú àwọn ọmọdé:
ení, ení, èjì, ení.

Ọ̀kan kì í tó; ọ̀kan a máa pe èkejì.
Mo kọ̀wé sí ọkùnrin kan ní Tornio tó ń yọ́ òjé nínú abà,
mo ra ọdẹ mẹ́rin, mo ra ìkookò kan,
mo ra afárá tí kò sódò lábẹ́ rẹ̀.
Ọwọ́ tó fa bébà fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n
ti ń gbọ̀n báyìí,
ṣùgbọ́n bí mo bá sé èémí, tí mo fi ìgúnpá ti tábìlì,
búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta a máa gbọ́ràn.
Ojú ló ṣòroó kùn jù.
Ojú tí ò tó hóró iyọ̀.

Abẹ́ ẹsẹ̀ aràrá ni mo ti rí i, ẹnìkan fi abẹ́rẹ́ ha á:
K. L., àti nọ́ńbà.
Gbogbo wọn ló ní tiwọn, ọ̀kan dé méjìlá.
Ẹni kẹsàn-án ni kò sí.

Mo wá a. Mo tú àpótí, mo tú kọ̀ǹbọ́ọ̀dù,
mo padà lọ bi ẹni tó tà á.
Ó ní arábìnrin Kaarlo Lampela ló kó o wá.
Kaarlo! Ẹ̀rọ kẹta, lápá òsì mi, ọdún mọ́kànlá.
Fúláàsìkì kan náà la fi ń mu kọfí,
a ò sọ ju ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lọ.
Ṣé lálẹ́, bó bá délé, irùngbọ̀n aràrá ló ń kùn?

Sirkka bu kọfí fún mi.
Ẹni kẹsàn-án? Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Atukọ̀ ni, ó di àjẹ̀ mú.
Ọdún kan, òjé ìwọ̀ Kaarlo tán lórí òkun tó dì,
ló bá so atukọ̀ mọ́ okùn, ó sọ ọ́ sí ihò yìnyín.
Ẹja ńlá kan já a lọ.
Kaarlo ní ibo ló tún yẹ atukọ̀?

Ọkùnrin Tornio lóun lè yọ́ òmíràn. Mo ní kó má ṣèyọnu.
Mo fi àlàfo sílẹ̀ lórí pẹpẹ.
Helvi ń nu eruku, ó ń nu àlàfo náà mọ́ ọn.
Lánàá ó mú àjẹ́ sọ́wọ́, ó gbé e súnmọ́ iná:
“Kí lèyí ń rín ná?”
Lẹ́yìn náà ó ní àwọ̀ ewé tí mo kùn ún kò bá a mu,
ó fa àga, ó ní kí n sún búrọ́ọ̀ṣì wá.