Ẹ̀rọ Ìyá Petryshyn

Òtútù Winnipeg ti di fèrèsé lójú.
Mo wà ní yàrá abẹ́lẹ̀, èmi àti kọ̀ǹpútà arúgbó kan
tí ìyá onílé gbé lé mi lọ́wọ́:
"Ọkọ mi kọ orúkọ gbogbo òdòdó ọgbà wa síbẹ̀.
Kò jí mọ́ láti ìgbà tí òun náà ti sùn."

Mo ki fíláàṣì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Mo tẹ Dìlíìtì títí ìka fi ń ro mí.
Ojú búlúù là, lẹ́tà funfun tò sílẹ̀:
dísíkì pẹlẹbẹ, síídì, háàdì dísíkì.
Ó parí.
Lọ́jọ́ tí wọ́n to orúkọ wọ̀nyẹn
a kò tíì bí fíláàṣì sáyé.

Ta ni yóò bá àgbà jà pé kò mọ ọmọ tuntun?
Àlejò tí onílé ò mọ̀,
ojúlùmọ̀ onílé ní í mú un wọlé.
Mo kọ ètò kékeré kan sórí síídì,
iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó kan ilẹ̀kùn, kó ní,
"Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan wà lẹ́yìn mi o."

Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀.
Lẹ́ẹ̀kẹta, síídì kùn bí agbọ́n inú agolo,
iná fíláàṣì ṣẹ́jú,
ó tún ṣẹ́jú.

N kò pariwo. Aago mẹ́rin ìdájí ni.
Àgbà ń kàwé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi ìka tọ ìlà,
títí ọgbà náà fi ṣí.
Òdòdó àkọ́kọ́: yìnyín ti pa á.
Níwájú rẹ̀, bàbá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo:
túngbìn.