Lẹ́tà N

Bámitálẹ́, àbúrò mi, má tíì tẹ bọ́tìnnì yẹn.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ òru dé. Aago méje àárọ̀ ni ní Hull,
òjò wínníwínní ń fọ fèrèsé kíṣìnnì,
ìbọ̀sẹ̀ mi ṣì tutù, tíì ń hó lórí iná,
fọ́ọ̀mù tí o yà ní fọ́tò ránṣẹ́ sì wà lójú fóònù mi.
Jókòó. Ká jọ kà á.

Orúkọ ni kí o kọ́kọ́ wò.
Kì í ṣe èyí tí ìyá wa fi ń kì ọ́ bí inú rẹ̀ bá dùn,
èyí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù ni mo ń wí.
Ẹ̀rọ wọn kò gbọ́ àmì ohùn,
kò mọ orí yàtọ̀ sí òrí,
àmọ́ ó ń ka lẹ́tà bí ahun ti ń ka owó.

Ṣé o rántí ọdún tí mo sọ fún yín
pé ọ́fíìsì wọn ló ń fi nǹkan falẹ̀?
Irọ́ ni mo pa.
Májẹ̀kódùnmí ni bàbá wa ń jẹ́;
ẹni tó tẹ ìwé onígbọ̀wọ́ mi fo N kan,
mo sì rí i. Mo rí i, Bámitálẹ́.
Mo ní wọn á ṣáà mọ̀ pé èmi náà ni.
N, lẹ́tà tí a fi ń sọ̀rọ̀ ara wa:
n ó lọ, n ó bọ̀, n kò gbàgbé.
Ó já bọ́ nínú orúkọ mi,
wọ́n ní ẹni inú ìwé yẹn, èmi kọ́.
Oṣù méje gbáko. Owó wọlé, kò jáde mọ́.
Bàbá ní má jẹ̀ẹ́ kó dùn mí.
Ó dùn mí.

Ó dáa. Ojú ewé kẹta.
Wẹ́dà ni ọ́. Ta ló ní kí o pe ara rẹ ní ọ̀gá àwọn wẹ́dà?
Nọ́ńbà iṣẹ́ tí wọ́n kọ síwèé onígbọ̀wọ́,
ti ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ jó irin ni.
Kò sí àpótí fún ìgbéraga níbẹ̀.

Owó tí Ṣíjúwadé yá ọ, tó wọlé lọ́jọ́ Ajé,
tó ti ń múra àtijáde lọ́jọ́ Ẹtì, mo rí òun náà.
Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni kó fi jókòó ní báńkì,
kó má dìde lọ bu omi mu pàápàá.
Bó bá yọjú síta lọ kí ọ̀rẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti oókan.
Ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ife rẹ ńkọ́? Oṣù wo lo ṣe é?
Ìwé yẹn máa ń yára darúgbó ju ènìyàn lọ.

Ọkùnrin tó ń béèrè mílíọ̀nù mẹ́rin
kó tó bá ọ rí iṣẹ́ mìíràn tó dára ju èyí lọ,
má dá a lóhùn.
Abọ́sẹ̀dé sanwó fún irú rẹ̀. Ó gbé báàgì méjì
dé àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní títì Holderness,
ó bá ilé tí wọ́n ti ń din ẹja àti ọ̀dùnkún.
Ẹni tó ń dín in kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀,
ó kàn ń fi iyọ̀ sí i, ó ń wo báàgì.
Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi sùn lórí ilẹ̀ yàrá mi.
Wá orúkọ ilé iṣẹ́ nínú àkọsílẹ̀ ìjọba
kí o tó wá bàtà òtútù.

Mo mọ̀ pé ara ń kán ọ. Tíì mi ti tutù.
Padà sí ojú ewé kìíní,
ka orúkọ wa sí mi létí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan,
bó ṣe wà níwájú rẹ, kì í ṣe bó ṣe wà lórí rẹ.
Mo ń gbọ́.
M. A. J. E. K. O. D. U.
Dúró níbẹ̀.
Kí ló kàn?