Yúnìtì Mẹ́ta

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́ ní Ṣómólú,
tí yíǹkì ṣì ń rùn lọ́wọ́ mi,
mo jókòó ti òkìtì ìwé-ẹ̀rí ọmọ ọlọ́mọ,
mo tan fóònù.
Kò sí tíṣà. Kò sẹ́ni tó ń pe "Mosúnmọ́lá!"
kí n dáhùn.
Owó ilé-ìwé, ọ̀fẹ́;
dátà ló ń gbowó, ó tún ń gba oorun.

Orí ìbéèrè kẹtàdínlógún ni mo wà tí wọ́n múná lọ.
Ẹ̀yìn káàdì ìgbéyàwó tó bàjẹ́ ni mo ti ṣe ìṣirò.

Yúnìtì mẹ́ta! Nínú ọgọ́fà.
Ọ̀gá ní ṣé ìyẹn náà ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.
Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, sà.
Mo padà sídìí ẹ̀rọ tí ń gé bébà,
mo fa páálí kan tó nípọn yọ,
mo fi pamọ́:
tèmi.