Afẹ́fẹ́ Kì Í Ṣe Wàrà

Orúkọ tó wà lára ike yìí, àṣìṣe ni.
Ersilia ni wọ́n sọ ìyá ìyá mi ní abúlé rẹ̀ ní Ítálì,
níbi tí òjò dídì kì í kúrò lórí òrùlé títí di oṣù kẹrin.
Ó dé Greenock, létí odò Clyde, lọ́dún tó pé ọmọ ogún,
òun àti ọkọ, àpótí onígi kan, garawa bàbà kan.
Fedele bẹ akunlé kan, Archibald Gourlay,
pé kó kọ orúkọ ìyàwó òun sára ọmọlanke.
Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Etí Gourlay sì ti di díẹ̀
láti ìgbà tó ti ń kan irin ọkọ̀ ojú omi.
ARZELLA ni ohun tó kọ.
Ọ̀dà ti gbẹ kí wọ́n tó rí i. Ọ̀dà sì wọ́n.
Ìyá ìyá mi wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín:
"Ẹ fi í sílẹ̀. Obìnrin yẹn ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè."

Bó ṣe ń ṣe é nìyí:
pupa ẹyin nìkan, kó pò ó mọ́ ṣúgà títí yóò fi ràn,
kó da ọ̀rá wàrà gbígbóná sí i, díẹ̀, díẹ̀,
torí ẹni tó bá kánjú, ẹyin díndín ni yóò jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.
Yìnyín yí garawa ká, iyọ̀ wà láàárín yìnyín.
Ó yá, yí i.
Bí ọwọ́ ọ̀tún bá rẹ̀ ọ́, gbé e fún tòsì. Yí i
títí irin yóò fi kọ̀ fún ọ.
"Ìgbà tó bá kọ̀," ni ó máa ń wí, "ìgbà náà ló gbà."

Lóṣù kẹfà ọdún tí Ítálì wọ ogun,
wọ́n sọ òkúta lu fèrèsé ṣọ́ọ̀bù.
Ó mọ àwọn tó sọ ọ́. Ó mọ adùn tí oníkálùkù wọn fẹ́ràn.
Ọlọ́pàá mú Fedele lọ. Lẹ́tà mẹ́ta ló kọ.
Ìyàwó Gourlay gbé ìgbálẹ̀ wá lówùúrọ̀,
kò sọ nǹkan kan. Wọ́n jọ ń ṣa gíláàsì kúrò nínú iyọ̀,
iṣẹ́ tó le, torí àwọn méjèèjì ló ń dán.

A ti ní ilé iṣẹ́ báyìí.
Ọ̀gbẹ́ni Lockhart, olùṣírò owó wa, tẹ́ ìwé sórí tábìlì:
"Áìsìkiriìmù àwọn yòókù, ìdajì rẹ̀ afẹ́fẹ́ ni.
Afẹ́fẹ́ ò jẹ koríko, kì í ṣàìsàn.
Ẹ fẹ́ ẹ sí i díẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?"
N ò bá a jiyàn. Mo gbé ike méjì wá, tiwọn àti tiwa,
mo ní kó dijú, kó gbé ọ̀kan lọ́wọ́ kan.
Ọwọ́ òsì rẹ̀ fò sókè.
Ọ̀tún dúró síbi tó wà.
Ó lajú, ó ká ìwé rẹ̀ nílẹ̀:
"Ẹ ó fowó lé e nìyẹn."

A fowó lé e. Mo mọ àwọn tí kò lè rà á mọ́,
lójú pópó tí ọmọlanke yẹn ti ń kọjá.
Ọmọ-ọmọ Gourlay ń ra ọ̀kan lọ́dún, lọ́jọ́ ìbí rẹ̀.
Bí mo bá ní kó gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, yóò ka owó ẹyọ sílẹ̀ síbẹ̀:
"Bàbá àgbà mi ló ṣi orúkọ yín kọ.
Ẹ jẹ́ n sanwó rẹ̀."