Àkọlé Ilẹ̀kùn Kẹta

Ní ilé-iṣẹ́ kajú, lẹ́yìn Tákìé,
wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sára ilẹ̀kùn mẹ́ta,
lẹ́tà funfun lórí ọ̀dà búlúù.
Mo kọ Máníjà. Mo kọ Akápò.
Ẹ̀kẹta ló dá mi dúró.

"Híúmáànù rìsọ́ọ̀sì ni," ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèdòkun wí,
"ṣùgbọ́n Yorùbá ni kí o kọ, kí àwọn tó ń pa kajú
lè mọ ibi tí wọn yóò yà sí."

Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ OHUN ÈLÒ ÈNÌYÀN.
Mo fà sẹ́yìn díẹ̀.
Àdá ni ohun èlò. Búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ mi ni ohun èlò;
bí irun rẹ̀ bá re tán, ààtàn ló ń lọ.
Mo fi àkísà nù ún.

Mo kọ ÀMÚṢỌRỌ̀ ÈNÌYÀN. Ó dùn lẹ́nu bí àádùn.
Ta ni wọ́n mú? Ta ló wá di ọlọ́rọ̀?
Mo nu ìyẹn náà.

Àwẹ̀ró jáde wá jẹun, ó jókòó sórí àpótí,
ó ń fi òrí pa ìka tí òróró kajú ti bó.
Ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀ka ẹnu ọ̀nà kò mọ òun mọ́:
ọjọ́ mẹ́fà ló kọ pé òun ò wá,
ọjọ́ mẹ́fà tí òun ti ń débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.
"Ìyá, kí ni kí n pe yàrá yìí?"
"Kọ ọ́ pé: ibi tí wọ́n ti ń kà wá,
tí wọn ò kà wá sí."
Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí iṣẹ́.

Nígbà ayé bàbá mi, lọ́nà Ìkòyí-Ilé,
àáró ni wọ́n ń ṣe.
Ẹni tó bá ọ kọ ebè lónìí, o jẹ ẹ́ ní ebè.
Orúkọ ara wọn ni wọ́n fi ń pe ọjọ́:
"Ọ̀tunla? Ti Láníhùn ni."

Ìgbà tí ọjọ́ rọ̀ ni mo tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà:
ỌWỌ.
N kò fi àmì ohùn kankan sí i.
Ẹni tó ń wá alágbàṣe, kó kà á sí ọwọ́.
Ẹni tí a kọ́ nílé, kó kà á sí ọ̀wọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèdòkun dé, ó bọ́ awò ojú, ó tún gbé e wọ̀.
"Ọwọ̀ kẹ̀? Ṣé ibi tí a ń kó ìgbálẹ̀ sí nìyí?"
Ó ka ààbọ̀ owó mi fún mi.
Ìyókù, ó ní kí n padà wá gbà á
lọ́jọ́ tí mo bá fi àmì sí i.